Mílíìkì Ni Mo Fún Eégbọn Mu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fetí sílẹ̀. Òótọ́ kan há mi lọ́fun, lónìí ni n ó pọ̀ ọ́. Ẹ má rò pé mo ń kú lọ o! Ara mi le, ohùn mi ṣì ń ròkè.

Eégbọn gba àgbàlá lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá lọ sá aṣọ, fífò ni yóò máa fò bọ̀. A gbálẹ̀, a gé koríko, a sá ẹní sóòrùn, a gbé abọ́ omi ọṣẹ sábẹ́ àtùpà kí wọ́n máa kó sí i. Pàbó! Ni Bàbá onílé bá pe Afínoògùn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn kiri àdúgbò. Wọn ò mọ̀ pé ológbò kan ti bímọ sábẹ́ pákó lẹ́yìn ilé ìdáná, pé èmi ni mò ń bọ́ ọ. Bàbá onílé ò fẹ́ rí ológbò sójú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé e. Bí mo bá dákẹ́, oògùn á pa àwọn ọmọ tí ojú wọn ò tíì là. Bí Afínoògùn ṣe po oògùn tán tó lọ fọwọ́, mo da oògùn náà sínú kẹ́ẹ̀gì mi, mo bu omi sí páǹpù, mo fi mílíìkì sí i kó lè funfun. Ó dé, ó fín in kárí tìtaratìtara. Èyíinì, n ò kábàámọ̀ ẹ̀. Ẹ ṣépè fún mi bó bá wù yín.

Èyí tó burú ló kù. Nígbà tí eégbọn ò lọ, Bàbá onílé fi igbe ta: "Gbájúẹ̀! Omi lásán lo fín fún mi!" Ọkùnrin náà ń làágùn. Ó yíjú sí mi: "Ìyá, ìṣojú yín ni mo ti po oògùn. Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún wọn." Èmi ọ̀dájú! Orin ni mo dá:

"Afínoògùn ò, omi lo rù,
Eégbọn wẹ̀ nínú ẹ̀, ara ẹ̀ ń dán!"

Àwọn ọmọdé gbè é, wọ́n kọ ọ́ tẹ̀lé e dé títì. Láti ìgbà náà, ilé tó bá kanlẹ̀kùn, orin yẹn ni wọ́n fi ń lé e.

Nígbà tí mo gbọ́ pé kò ríṣẹ́ mọ́, mo se ìrẹsì ìkòkò ńlá, mo pe gbogbo ilé àti aládùúgbò, mo pe Afínoògùn náà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì síwájú wọn, mo jẹ́wọ́.

"Ológbò! Nínú ilé tèmi?" ni Bàbá onílé wí.

"Òun ni, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ń lé e, ẹ lé wa pọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan Bàbá onílé. Afínoògùn ò rẹ́rìn-ín, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní: "Ìyá, ọmọ tèmi náà ń kọ orin yẹn nílé."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo kúnlẹ̀, tàgbàtàgbà mi. "Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ mọ́. Ẹnu mi ló bà ẹ́ jẹ́. Dárí jì mí."

Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ dìde, Ìyá. Ká ní ẹ ti sọ fún mi, à bá ti kó àwọn ọmọ ológbò kúrò kí n tó fín in. Ara ológbò yẹn gan-an ni eégbọn ń gùn wọlé. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òòyà ya irun ara ẹ̀. Èmi á fín in, n ó sì tún padà wá fín in, torí ẹyin wọn wà nínú eruku."

"Tó o bá ṣe tibí tán, tèmi ló kàn," ni ìyá aránṣọ ilé kejì ké. Ẹlòmíì ní, "Kó tó kan tìẹ, tèmi ńkọ́?" Wọ́n ń jà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Afínoògùn fa abọ́ ìrẹsì mọ́ra.

Ẹ̀yin èwe tí ẹ lóhùn, ẹ máa wo ẹni tí ẹ ń fi kọrin. Ti ológbò, n ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! A jẹ, a yó, a ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, oníkálukú sì gba ilé ẹ̀ lọ tẹ̀ríntẹ̀rín.