Ààrò Kẹta Ilé Atukọ̀

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká yìí, ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu mi, ẹ sì rò pé olóòótọ́ ló ń pa á. Bọ̀ọ̀dá Salahudeen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Qaanitah ọmọ ọmọ mi, pa fáànù yẹn kí bàbá lè gbọ́ mi. Mo mọ ohun tí dókítà bá yín sọ. Ojú yín ti sọ ọ́ fún mi kí ẹ tó jókòó. Ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n fi ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ahọ́n mi yìí pàdé Ọlọ́run Ọba. Òní ni màá bì í jáde. Obìnrin Sàró tó wá sí ilé yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí a ní kì í ṣe ọmọ wa, ọmọ wa ni. Mo mọ̀ kí ẹ tó bi mí, mo sì búra pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ má dá mi dúró, Bọ̀ọ̀dá. "Àlímọ̀, sinmi" kọ́ ló kàn. Fàrídà lorúkọ rẹ̀. Ó bá mi lẹ́nu ìsọ̀ mi ní ojúde ilé, níbi tí mo pàtẹ bútà àti tẹ̀súbáà àti ẹní ìkírun sí. Mo rò pé ó wá rajà ni. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku Ìta Fàájì tòun taṣọ funfun lára, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní ilé Atukọ̀ nìyí." Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà, ó lọ́ra, ó sì gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ní Fìrítáànù nílẹ̀ Sàró lòun ti wá, pé ìyá òun wà lórí àìsàn, ohun kan ṣoṣo ló sì ń bẹ̀bẹ̀ fún: kó gbọ́ oríkì ilé baba rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ilé, lórí fóònù, kó tó kú. "A ò wá gba yàrá, mà," ló wí. "Ohùn la wá bẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín nínú ikùn mi. Mo ní lọ́kàn mi, ẹni tí kò wá jẹun, kí ló ń wo inú ìkòkò fún?

Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí omi ọ̀sà tí ìyá òun máa ń ròyìn. Mo mú un lọ, àlejò ni. A gba inú ọjà Balógun kọjá, àwọn alárù ń pariwo, "Àgò o! Ẹ̀yin tẹ́ ò ra nǹkan kan, ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" Obìnrin aláṣọ kan nawọ́ sí wa: "Alhájà, ìyàwó tuntun lẹ mú bọ̀ yìí àbí kí ni?" Mo ní, "Tọ́jú ọkọ tìẹ ná!" Fàrídà rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí a dé Màrínà, ó rí àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó gúnlẹ̀ sí òdìkejì ní Àpápá, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó fi èdè Sàró bi mí bóyá omi náà nìyí: "Mama, na di wata dis?" Mo ní omi ọ̀hún náà ni. Ó bọ́ bàtà, ó kọjú sí ọ̀sà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì:

"Ọmọ Atukọ̀, ọmọ a-rígbì-má-yẹsẹ̀,
Ọ̀sà ń ru, ilé wa ò mì.
Ààrò mẹ́ta ló gbé ìkòkò baba wa dúró,
Ọ̀kan wọkọ̀, kò wọmi."

Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ìlà méjì àkọ́kọ́ lẹ mọ̀, èyí tí a ń pè níbi ìsọmọlórúkọ. Méjì tó kẹ́yìn, obìnrin ló ń kọ́ obìnrin. Ìyá àgbà fi kọ́ mi nígbà tí wọ́n ń dirun fún mi. Wọ́n ní ìyàwó mẹ́ta ni Atukọ̀ baba ńlá wa fẹ́, ìkẹta bá ọkọ̀ lọ sí Sàró pẹ̀lú oyún nínú. Wọ́n ní, "Àwọn ọkùnrin sọ pé ó bómi lọ. Kò bómi lọ. Bí ọmọ rẹ̀ bá dé, ìlà yìí la ó fi mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu ẹ." Kò bọ́ lẹ́nu mi. Mo gbé e mì ni.

Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn la fẹ́ pín ilé, kí kọ́ńtírátọ̀ tó wó o, kó sì kọ́ ilé alájà síbẹ̀. Ìdí igi la fi ń pín ogún: iye ìyàwó tó bímọ fún baba ni iye ọ̀nà tí a ń pín in sí. Méjì la pe ara wa, ìdí tiyín àti ìdí tèmi. Ojúde bọ́ sọ́dọ̀ mi, ẹ̀yìn bọ́ sọ́dọ̀ yín. Bí Fàrídà bá wọlé, a di mẹ́ta, wọn yóò tún ilé pín, ìsọ̀ tí mo fi sin ọkọ, tí mo fi tọ́ ọmọ, lè lọ. Ní etí omi níbẹ̀ ni ọmọ yẹn ti bi mí pé, "Mà, ṣé mo pè é dáadáa?" Mo ní, "Jẹ́ ká délé ná." Àlímọ̀, ìwọ ìkà yìí!

Ní pálọ̀, nígbà tí Fàrídà pe oríkì náà tán, Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ bi mí níwájú gbogbo ẹbí. Ẹ ní, "Àlímọ̀, ìwọ loríkì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé tiwa nìyí?" Mo ní, "Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ta ni ò lè gbọ́ ọ lójúde ìkómọ? Ìparí ẹ̀ kò sí nílé wa. Èkó tóbi, ilé mìíràn ló ń wá." Fàrídà wò mí. Ó ní, "Mà, ìyá mi kì í purọ́." Mo ní, "Kò purọ́, ó gbàgbé ni." Ẹ ní ṣé mo lè búra. Mo wà nínú àlùwàlá, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sókè, mo ní, "Wallahi." Ẹ gbà mí gbọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ò ṣẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọmọ náà kò jà. Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa kọ́, kí n ṣáà bá òun kí ìyá òun. Ó pè é, ó fi fóònù lé mi lọ́wọ́, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ dáadáa. Ohùn arúgbó náà tín-ínrín. Kò kí mi. Oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó pè é dé ibi ààrò mẹ́ta, ó dákẹ́. Bí àwọn obìnrin ilé wa ṣe ń dá ara wọn mọ̀ nìyẹn: ẹnì kan á pè é débẹ̀, ẹnì kejì á parí rẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ìlà náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn bútà mi tí wọ́n ń dán ní ojúde. Ó ní, "Ọmọ baba mi, ṣé o wà níbẹ̀?" Mo tẹ bọ́tìnì pupa, mo já ìpè náà. Mo padà wọlé, mo fi fóònù lé Fàrídà lọ́wọ́, mo ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ." Èkó la wà, ta ni ò ní gbà á gbọ́? Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ pé bóyá mo máa rántí ilé tí wọ́n ń wá. "Oníbàárà Bútà" ni mo fi pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí.

Qaanitah, ìwọ lo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ fún mi ní ìsọ̀. O ní, "Màámá, oníbàárà yín kan, ìyá ẹ̀ ti kú o. Ó ní títí tí wọ́n fi dákẹ́ ni wọ́n ń béèrè bóyá nẹ́tíwọ̀kì ti padà." O ní ọ̀rọ̀ náà ò yé ẹ. Ó yé mi. Mo ní kí o bá mi kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, mo sì ta bútà fún ẹni tó dúró níwájú mi.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n rí i pé ẹ ń sunkún, ó yẹ kí n rí i. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ni ìyẹn. Ẹ tún ilé pín. Ẹ fi ojúde fún un. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ọmọ baba yín ra ìsọ̀; ọjà á tú, ẹ ó sì máa gbọ́ èémí rẹ̀ létí yín.

Qaanitah, fóònù mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Wá Oníbàárà Bútà jáde, bá mi pè é. Bó bá gbé e, gbé fóònù náà sí mi lẹ́nu, kí n parí ìlà yẹn fún un. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kó já.