Omi Tí Mo Pò fún Kuwabara

Dókítà ti sọ fún mi pé òdòdó sákúrà ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá mi láyé. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sáré fún ilé iṣẹ́ òwú wa, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún ọdún méjìléláàádọ́ta. Èmi Hatano tí ẹ ń pè ní bàbá ẹgbẹ́, èmi ni mo ba ẹsẹ̀ Kuwabara jẹ́.

Kuwabara fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Òun ló ń sá abala ìkẹyìn nínú eré ìje ọ̀nà jíjìn tí ẹni méje máa ń sá, tí ẹnì kan á gbé ọ̀já ẹgbẹ́ lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Òógùn rẹ̀ pọ̀ débi pé bó bá gbẹ, iyọ̀ funfun ló máa ń kù sára ẹ̀wù rẹ̀. Bí kò bá mu omi tí a fi iyọ̀ àti èso kíkan tí à ń pè ní ume pò kó tó sáré, pajápajá á mú un lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ń po omi náà, èmi náà sì ni mo máa sáré bí òun kò bá sí. Ọ̀gá Sakaki, olùkọ́ wa, sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, “Hatano, ò ń sáré bí ẹni tó ń wá bàtà ẹ̀. Lọ po omi fún ẹ̀gbọ́n ẹ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Kuwabara.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, mi ò fi iyọ̀ sómi. Ọtí kíkan díẹ̀ ni mo dà sí i, kí kíkan rẹ̀ má jẹ́ kó mọ̀ pé kò síyọ̀. Kuwabara tọ́ ọ wò, ó wò mí, ó sì mu ún tán. “O ṣeun, àbúrò.” Mo lanu láti jẹ́wọ́, ìkà tí mo jẹ́, mo tún pa á dé.

Òun ló wà níwájú nígbà tó ku kìlómítà méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká kò. Ó ṣubú, ó dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó sá dé òpin, ṣùgbọ́n iṣan ti já. Kò sáré mọ́ láyé.

Èyí tó burú jù nìyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn, Sakaki bi mí pé, “Ṣó o fi iyọ̀ sí i?” Mo ní, “Mo fi sí i, ọ̀gá. Bóyá ẹ̀gbọ́n ò mu ún tán ni.” Kuwabara yíjú sí ògiri. “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Mo da ìyókù nù. Ẹ̀bi mi ni.” Lọ́dún kejì, èmi ni mo gbé ọ̀já náà dé òpin, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Kuwabara lóko èso kaki rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Kò dáwọ́ èso tó ń bó dúró. “Àtìgbà tí mo ti tọ́ ọ wò ni mo ti mọ̀ pé kò síyọ̀ níbẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mu ún?”

“Mo rò pé o gbàgbé ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Sakaki á lé ẹ. Ìgbà tó o purọ́ nílé ìwòsàn ni mo tó mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹsẹ̀ tèmi ti lọ nígbà yẹn. Ṣé kí tìẹ náà lọ ni?” Ó na èso kan sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ, bí inú bá ń bí ọ sí ẹni tí ò ń po omi fún, gbé ife sílẹ̀, kí ẹlòmíràn wá pò ó. Ẹ forí jì mí. Ife ìdíje tó ń jẹ́ orúkọ mi, ẹ ha orúkọ náà kúrò kí n tó lọ, kí ẹ kọ Kuwabara síbẹ̀.