Ìjọ Kò Tíì Pinnu

Ẹ bá mi yin àwa alákọ̀wé Adó, tí ìwé ìtàn kì í dùn mọ́ wa rárá: ńṣe la máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ìjọ. Lẹ́yìn Ìkórè ọdún kan, nínú lọ́rì tó ń lọ sí Ìyìn, mo jókòó ti tíṣà kan àti kátíkísì tó ti gba ìwé ìtàn kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n ya ìwin sí ẹ̀yìn ìwé náà.

“Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé mi padà. Ibi tí ọkùnrin yẹn há sínú ihò òkè, tí ìwin olójú kan dí ẹnu ọ̀nà, ni mo kà dé. Oorun ò kùn mí mọ́.”

“Sùúrù, Tíṣà. Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yẹ onígbàgbọ́.”

“Láti Àjíǹde?”

“Ibi ìwin yẹn ni mo tún ń padà sí. Ibẹ̀ ló léwu jù fún ọkàn.”

“Ẹ kúkú sọ fún mi, sà. Ṣé ọkùnrin yẹn jáde?”

Kátíkísì kọjú sí igbó ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní, “Ìjọ kò tíì pinnu.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rín jù. Àmọ́ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo rọra tẹ̀lé kátíkísì, mo ní kó yá mi ní ìwé náà, kí èmi náà lè bá ìjọ yẹ̀ ẹ́ wò.