Ṣingọ́ọ̀mù Kì Í Ṣẹ́ Irin

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kàwé níbẹ̀, ẹ fetí sí mi díẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi dà bí aago tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Kò sí àtúnṣe tó lè gbà mọ́. Òtítọ́ tí mo jókòó lé fún ọdún mẹ́sàn-án, n kò ní gbé e wọ sàréè.

Èmi ni ẹ mọ̀ sí Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tí mo ń tún ilẹ̀kùn àti àga ṣe níbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níṣẹ́. Mo máa ń tú nǹkan palẹ̀ ni, kí n wo ohun tó ń ti èkejì, kí n sì tò ó padà. Ìwé àtúnṣe kan wà lọ́wọ́ mi tó pín sí apá méjì. Tí mo bá fọwọ́ sí apá “Ó ṣeé tún ṣe”, ọ̀gá àgbà á ní kí ọmọ tó bà á jẹ́ gbálẹ̀ tàbí kó ro oko, ọ̀rọ̀ parí. Tí mo bá fọwọ́ sí apá “Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́”, òfin ilé ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, ó fi ṣingọ́ọ̀mù dí ihò kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdánwò. Nígbà tí wọ́n mú un, ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀: “Ẹ dákun, mi ò kàwé ni.” Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Kẹrosíìnì díẹ̀, wáyà tín-ín-rín, àti sùúrù: kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, mo ti yọ ọ́ bí ẹni ta eyín. Òun ló bá mi tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Bàbá, ọwọ́ yín mà dáa o! Ẹ ò kúkú bá mi ṣe ìdánwò náà.”

Mo wá yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ “kà!” nínú lọ́hùn-ún. Ahọ́n àgádágodo ti ṣẹ́.

Kò yà mí lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni irin náà ti sán. Wọ́n fún mi ní àgádágodo tuntun kí n fi pààrọ̀ rẹ̀, mo sì tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Wáyà ni mo fi di ti àtijọ́, torí ó máa ń wù mí kí n fi hàn pé nǹkan àtijọ́ ṣì lè ṣiṣẹ́. Ìgbéraga òṣì! A fi ọ̀pá irin já ilẹ̀kùn náà, férémù ya láti òkè délẹ̀, gíláàsì fọ́, ìdánwò ò sì ṣeé ṣe.

Ọ̀gá àgbà gbé ìwé síwájú mi. “Bàbá, ẹ fara balẹ̀ o. Ibi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí, ibẹ̀ lọmọ yìí ń lọ.” Tí mo bá sọ òótọ́, ó máa béèrè àgádágodo tuntun. Mo fọwọ́ sí apá kejì.

Ọmọ náà pariwo: “Ṣebí ẹ ti yọ ọ́ tán!”

“Ìyókù ti wọnú lọ ba irin jẹ́,” ni mo wí. “Àbí ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́?” Ó gbà mí gbọ́.

Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, wá bá mi tòun ti téèpù lọ́rùn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá. Eré ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kó máa gbálẹ̀ títí ọdún á fi parí, èmi náà á wá bá a gbá a.” Mo ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀, bírò ṣì wà lápò mi.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní kóòtù. Ọmọ yìí dúró pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé láàárín àwọn olè àti àwọn tó fọ́ ara wọn lórí; kò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ gbé àgádágodo sókè, ó bi mí pé, “Ṣé ohun tí ọmọ yìí kì sínú rẹ̀ ló ṣẹ́ irin yìí?” Mo ti búra. Mo ní, “Òun ni, Olúwa mi.” Ṣingọ́ọ̀mù kì í ṣẹ́ irin! Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́fà ló lò nílé àtúnṣe ọ̀dọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ò gbà á padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nílé ìwòsàn níbí, ló bá nàró. “Bàbá Kọ́kọ́rọ́! Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ẹlẹ́rìn-ín ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, àmọ́ gbogbo ibi tó mú ìwé lọ, ọ̀rọ̀ kóòtù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ló bá kúnlẹ̀: “Bàbá, ẹ má bínú ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo ṣì máa ń rò ó.”

Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń bẹ̀ mí!

Láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi ọ̀pá ìnulẹ̀ ti ògiri.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Èmi nìkan.”

Ó lọ mú bébà wá lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. “Ẹ kọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí ibi tó yẹ lọ́tẹ̀ yìí.”

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó pe ọlọ́pàá sí ohun tí ìgbálẹ̀ àti ìbáwí lè tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ tú àgádágodo wò. Tiwa wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi nílé. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù lẹ́yìn ẹjọ́, n kò lè sọ ọ́ nù. Wáyà mi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e padà lọ fún adájọ́ kí wọ́n pa orúkọ ọmọ yìí rẹ́ níbẹ̀. Ẹ bá mi bẹ òun àti bàbá rẹ̀. Èmi ò lẹ́nu.

Mo fọwọ́ sí i níbí: èmi ni mo ṣẹ́ ẹ.