Tọ́ọ̀pù Tuntun Inú Bọ́ọ̀sì Sìdíkátù

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí eegun ẹ̀yìn mi ṣì le, ta ló ń ra tọ́ọ̀pù tuntun fún mọ́tò? Ta ni? Bí orí ẹ́ńjìnnì bá sán, ibi tí mọ́tò mìíràn ti kú la ti ń lọ tú tirẹ̀ wá. Orí ẹ́ńjìnnì yẹn náà làwa mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù o, ẹ̀yin ọmọ Sìdíkátù. Ibẹ̀ ni fáàfù ń gbé, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ má fi Hausa dá mi lóhùn. Ẹ ní, "A gbọ́, Bàbá àgbà."

Ẹ̀ẹ́n. Ó dáa.

Yísá lorúkọ ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ará Ìlọrin ni, bíi tiwa. Lábẹ́ igi dogoyaro kan ní Limawa níbí la ti ń ṣiṣẹ́. Lónìí, wọ́n á ki wáyà bọ mọ́tò, wọ́n á máa wo fóònù. Àtàǹpàkò ni Ọ̀gá Yísá ń lò. Á tú púlọ́ọ̀gì, á fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, á ní, "Jímọ̀, yí i!" Bí mo bá ti yí ẹ́ńjìnnì, tí afẹ́fẹ́ ta ìka rẹ̀ dànù, á rẹ́rìn-ín. Ó ní èémí nìyẹn. Kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n ni wọ́n ń pe èémí yẹn, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀. Mọ́tò tí kò bá ní in, òkú ni.

Ọ̀gá Yísá ní òfin kan. Ó ní fáàfù yòówù kó jẹ́, ọwọ́ ẹni la fi ń lọ̀ ọ́ mọ́ ojú ibi tó ń jókòó sí, pẹ̀lú ọ̀rá tó ní yanrìn nínú. Á ní, "Jímọ̀, fáàfù tuntun, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni. Kò tíì mọ ìdáná ilé wa. Ìwọ ni wàá kọ́ ọ." Ṣé ẹ rí i? Mo lọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi yi báyìí. Ẹ fọwọ́ kàn án. Kò sí mọ́tò tí mo lọ̀ fáàfù rẹ̀ tó padà wá bá mi. Kò sí o.

Àfi bọ́ọ̀sì ìyá yín.

Ẹ mọ̀ pé òun ló fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Fadikpe lọ sí Gidan Kwano, láti ìgbà tí bàbá yín ti kú. Òun lẹ ń jẹ, òun lẹ ń wọ̀. Ní ìgbà òjò tó kọjá yìí, omi gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà Bida, ó gbóná, tọ́ọ̀pù sán. Ìyá yín lọ ra tuntun lọ́dọ̀ Malam Tanko tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló ṣe é. Àwọn mìíràn ló ń ṣe irú rẹ̀. Tanko ní ó dáa, wallahi. Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́? Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ ń bá ara wa bọ̀. Ọjọ́ tí ìyá yín àgbà kú, Tanko ló gbẹ́ sàréè rẹ̀. Ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò sinmi títí sàréè fi jìn tó.

Ó dáa. Mo tú gbogbo fáàfù inú tọ́ọ̀pù náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrun àsárì. Ìyá yín dúró lé mi lórí. "Bàbá, ṣé kì í ṣe tuntun ni? Kí lẹ tún ń lọ̀?" Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi.

Mo dè é padà sórí ẹ́ńjìnnì. A yí i... kò jí. Ó ń wúkọ́ bí aláìsàn. Mo fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ tó bọ́ sí mi níka ò lè pa fìtílà. Níbo ni èémí lọ? Mo da ọ́ìlì díẹ̀ sínú àwọn ihò náà, bóyá ìsàlẹ̀ ló ti ń jò. Kò yàtọ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ kọ́. Mo wo omi, bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù ló ń jò. Omi ò hó. Mo wá pe fọganáísà kó fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì. Mo gbétí sí ẹnu páìpù èéfín lẹ́yìn mọ́tò... ṣìììì. Ibẹ̀ ló ń gbà jáde.

Fáàfù ni! Fáàfù tí mo fi odidi ọjọ́ kan lọ̀? Orí mi dàrú. Mo ní bóyá n kò lọ̀ ọ́ tó. Mo tún tú u, mo tún lọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ o: ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ! Bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́ sí i ni èémí ń dín kù sí i. Ṣé irú èyí wà? Ìyá yín jókòó sórí táyà, ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e fún ẹlòmíràn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn.

Mo dìde. Mo gba ìsọ̀ Tanko lọ. Àwọn oníbàárà kún ibẹ̀. Mo ní, "Ayédèrú lo tà fún ọmọ mi! Barawo!" Mo pè é lólè, àní mo fi Hausa pè é, kí gbogbo ọjà lè gbọ́ ọ. Tanko yíjú sí àwọn tọ́ọ̀pù tó kù lórí àtẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ló dé, ó ru tọ́ọ̀pù mìíràn léjìká, nínú ọ̀rá rẹ̀, tí ẹnì kan ò tíì fọwọ́ kàn. Ó kí mi, "Sannu, Malam Jímọ̀." Ó ní kí n tú tiwa, ó gbé méjèèjì síra wọn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi í sórí ìdí fáàfù. "Shafa." Kí n fọwọ́ pa á. Mo fọwọ́ pa tiẹ̀, mo fọwọ́ pa tèmi. Ìdí fáàfù tèmi yọ sókè ju tiẹ̀ lọ. Ó ní, "Kí lo ṣe sí i?" Mo ní mo lọ̀ ọ́ ni. Ó ní, "Haba! Èyí tí wọ́n ti lọ̀ láti ilé-iṣẹ́?"

Ó wá yé mi. Bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́, fáàfù ń rì sínú ibùjókòó rẹ̀, ìdí rẹ̀ ń yọ sí òdìkejì. Ẹ́ńjìnnì ayé Ọ̀gá Yísá ní nọ́ọ̀tì tí a ń tú díẹ̀ láti fi àyè sílẹ̀ fún ìdí yẹn, kí fáàfù lè ráyè tì. Tòde òní ò ní. Irin tó wà lórí rẹ̀ kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà padé mọ́. Ọwọ́ mi yìí ló ṣí i sílẹ̀.

Tọ́ọ̀pù tí Tanko gbé wá la dè, n kò lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá yín yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí! Ìyá yín ń pariwo, ó ń dì mọ́ mi. Èmi dúró bí òpè. Ṣé Ọ̀gá Yísá purọ́ fún mi ni? Kò purọ́. Ṣé èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà láìdáa? N kò tíì fi ara balẹ̀ ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Báwo wá ni iṣẹ́ tó dáa ṣe ba nǹkan jẹ́? Títí di òní, kò yé mi délẹ̀.

Mo lọ bẹ Tanko ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà. Ó ní, "Babu komai," kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kọ́ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó gbọ́ "barawo" ti gbé e lọ sílé wọn, n kò mọ ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n ní ọjà rẹ̀ ò yá mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó ṣì ń kí mi ní mọ́ṣáláṣí. Kì í dúró bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yẹ ọwọ́ ara yín wò kí ẹ tó na ìka sí ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tọ́ọ̀pù tí mo bà jẹ́, a rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Tanko ńkọ́? Ìsọ̀ wo ni wọ́n ti ń ta tuntun rẹ̀?