Ìfẹ́ Ló Kọ́ Mi Ní Àmì

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi kò tíì tó ogún ọdún, ó kàn lé díẹ̀ ní mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń ro ó, ó sì yẹ kó jókòó. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní ọkàn mi ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, kò tóbi. Ohun tí mo kó pamọ́ síbẹ̀ ló pọ̀." Ó rò pé arúgbó ń ṣeré ni, ó kọ oògùn fún mi. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, mo dúpẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá máa lọ bá ọkọ mi lọ́run, n kò fẹ́ gbé ẹrù yìí dání, torí pé ẹrù rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo jí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, awakọ̀ òfuurufú sì ni. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá rẹ̀. Ó máa ń fi yangàn pé òun gba ilẹ̀, ọmọ òun gba òkè, kí ẹja tètè máa palẹ̀ mọ́ de ọmọ-ọmọ òun. Nígbà tí ọkọ mi kú, ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí nítorí ọmọ náà. Bí òjò bá ṣú, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ló bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́ fún mi, ó so ó mọ́ fóònù rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tó bá hàn níbẹ̀ ló ń hàn níbí. Àwọn áàpù tí awakọ̀ òfuurufú ń lò lẹ́yìn odi ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ aago tó lù lọ́dọ̀ wọn àti èyí tó lù lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan ń fi ìkùukùu hàn, ibi tí ìjì bá wà á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Òmíràn ń sọ ọkọ̀ tó ṣì ní àga òfìfo, kí awakọ̀ tó ti parí iṣẹ́ lè bá a padà sílé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ń sọ ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà nílùú kan náà àti òtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí, kí wọ́n lè kọ̀wé síra wọn níbẹ̀, kí wọ́n sì jọ jẹun. "Màmá," ọmọ mi ní, "ẹ máa wò ó o, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Wíwò ni." Mo ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Etí mi gbọ́ lóòótọ́. Ìka mi ni kò gbọ́.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀gá Ìbàlẹ̀ ni ọmọ mi ń pè é, torí bó ṣe ń gbé ọkọ̀ balẹ̀. "Màmá, ó bà lé ilẹ̀ lónìí, ife omi ò mì!" Mo bi í pé, "Ṣé o sọ fún un?" Ó ní, "Kí ni kí n sọ?" Mo ní, "Pé ife omi ò mì." Ó ní, "Háà, Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre." Ẹ wo ọmọ tó ń dojú kọ ìjì lókè, tí kò lè dojú kọ ọmọbìnrin nílẹ̀! Láràárọ̀ ni mo ń tọrọ ìbàlẹ̀ ọkàn fún un lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ ìnagijẹ ọmọbìnrin náà, mo ní àdúrà ti gbà nìyẹn, ó kù kí ẹnì kan bá wọn ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí ọkọ mi pé ọdún kan tó ti kú ni mo ṣe é. Ọmọ mi ti wa ọkọ̀ mọ́jú, ó ti wọ òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń sùn. Ó ti ṣèlérí pé òun á wọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ wálé kí a jọ lọ sí ibojì. Mo jókòó ti tábúlẹ́ẹ̀tì, mo ń ronú nípa bàbá rẹ̀, mo bá rí i: Ọ̀gá Ìbàlẹ̀ wà nínú òtẹ́ẹ̀lì kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọ ọ́ ní orúkọ ọmọ mi pé: "Ibikíbi tí mo bá dé, ọ̀nà ilé rẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Ohun tí ọkọ mi sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, tó fẹ̀yìn ti akẹ́rù rẹ̀, tó ń yí fìlà lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fún un gbẹ. Mo mú un lẹ́nu òkú, mo fi sẹ́nu alààyè tó ń hanrun.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. "Ìwọ kọ́ lo kọ èyí. Ta ló kọ́ ẹ ní àmì ohùn?" Ọmọ mi kì í fi àmì sórí ohunkóhun, "mo ti de o" ni tirẹ̀. Èmi ńkọ́? Tíṣà tó kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ìhòhò ló wà, rúlà ló sì fi ń wọṣọ fún un lórí ìka wa. Títí mo fi máa kú, n kò lè rán ọ̀rọ̀ síta níhòhò. Ó yẹ kí n dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Ìfẹ́ ló kọ́ mi." Lẹ́yìn náà ni mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì pa rẹ́ lórí fóònù ọmọ mi pẹ̀lú.

Ìyẹn ṣì kéré. Ọmọ jí, ó pè mí. "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ń ṣe ségesège. Ẹ bá mi wò ó, ṣé àga ṣì wà nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́?" Àga wà. Wọ́n tò lọ funfun bí eyín ọmọdé. Mo ní, "Ó ti kún, ọmọ mi." Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wá lọ sọ́dọ̀ Bàbá?" Mo ní, "Ṣé ẹni méjì kọ́ nìyẹn, èmi àti bàbá rẹ?" Mo dá lọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, kó má bínú. Nígbà tí ọmọ pè mí lálẹ́, ó ní Ọ̀gá Ìbàlẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn òun, àwọn sì jọ jẹun. Ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀, èyí tí n kò gbọ́ láti bí ọdún kan. Mo ní, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni eléyìí? Mo dá ara mi lóhùn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo sì sùn dáadáa.

Wọ́n fẹ́ra. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì. Bí ìyàwó bá ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ yẹn ló mú mi," ọkọ á rò pé èyí tó sọ nídìí oúnjẹ ni. Èmi á sì dìde lọ wo omi tí mo gbé kaná. Àfi nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún mẹ́wàá lóṣù tó kọjá, tí ìyàwó gbé fírémù kan jáde. Ó ti ní kí wọ́n bá òun fi lẹ́tà wúrà kọ gbólóhùn náà, tàmìtàmì. Ọmọ mi kà á. Ó ní, "Ó mà dùn o! Níbo lo ti rí i?"

Ìyàwó rọra gbé ọ̀bẹ kéèkì sílẹ̀. Ó fi fóònù tirẹ̀ hàn án. Ọkọ wo fóònù tiẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó ní, "Èmi kọ́." Inú kíṣíìnì mi ni ìyàwó wá sunkún sí. "Màmá, ó ṣì í rán ni. Obìnrin míì ló kọ ọ́ sí, ló bá pa á rẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń gbé nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn." Lọ́jọ́ kẹta ó ní òun ti bẹ iléeṣẹ́ wọn kí wọ́n gbé òun lọ sí ìlú míì, òun àtàwọn ọmọ. Ọmọ mi náà wá, ó ní, "Màmá, mi ò mọ ohun tí mo ṣe." Èmi mọ̀.

Mo pè wọ́n lọ́sàn-án Sunday. Wọ́n jókòó sí ìkángun méjèèjì àga gígùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé e. Mo jẹ́wọ́ bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún yín yìí. Ohun tí ọmọ mi kọ́kọ́ sọ ni, "Àga wà?" Mo ní, "Ó wà, ọmọ mi." Ó ní, "Màmá, mo sunkún nínú balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ yẹn." Ìyẹn gún mi. Nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni mo fi orúnkún bẹ̀ ẹ́ fún. Ó gbé mi dìde kí orúnkún tó kanlẹ̀.

Ìyàwó ní, "Ta wá ni ọlọ́rọ̀ gan-an?" Mo ní, "Bàbá ọkọ rẹ ni." Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Bàbá ló sọ ọ́, ìyá ló tẹ̀ ẹ́, ọmọ ló gbé ìyàwó! Ẹbí yín ò dáa o!" Lójijì ló dẹ́kun ẹ̀rín, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ fúnra ẹ, kí ni tìẹ?"

Ọmọ mi dìde, ó mú fóònù, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Fóònù ìyàwó wá dún. Ó kà á, ó bo ẹnu, ó sún mọ́ mi. "Màmá, ẹ wá wò ó." Ọmọ tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí ti kọ ọ́ pé: "Ọkọ̀ rẹ ni mí." Ọkọ ilé kò ní àmì kankan lórí, ibi tí kò ti nílò àmì gan-an ló lọ fi í sí, ó sì sọ ara rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń wà. Ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo rí rúlà tíṣà mi lójú. "Ẹ máa wò ó o, Màmá," ìyàwó ní, "ẹ má tẹ̀ ẹ́." Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Òun ló fèsì: "Ó dáa. Gbé mi délé." Lọ́jọ́ Monday ó lọ sọ níbi iṣẹ́ pé òun ò lọ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ tiyín, kódà bí àmì rẹ̀ bá ṣì. Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, wíwò ni. Wọ́n ti yọ gbogbo áàpù inú tábúlẹ́ẹ̀tì mi kúrò, ó ku ti ìkùukùu nìkan, ó sì tó mi. Àti ìwọ, ọkọ mi, tí a kì í fi àmì sí lórí, dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ rẹ ti balẹ̀. Ife omi ò mì.