Àwọn Tó Wá Ṣán Koríko Nílé Bàbá Jínádù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó jí wa sí àárín èèyàn, tí kò jí wa sí aginjù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ará mi, ẹ sún mọ́ ara yín. Ẹ sún mọ́ra dáadáa. Bàbá tó fi bàtà ṣe ààlà sáàárín òun àti ẹnì kejì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bàtà yẹn kúrò, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin ìyá wa tó wà lẹ́yìn, ṣé ohùn mi ń dé ọ̀dọ̀ yín? Alihamdulilahi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé kò wúwo. Ẹ̀tọ́ ni kí Mùsùlùmí máa wá ara wọn kiri nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Láàyè ni mo wí o. A mọ bí a ṣe ń wá òkú. Bí ẹnì kan bá kú báyìí, ẹ wo bí a ó ṣe kún ojú ọ̀nà. Àmọ́ ẹni tó ń mí, tó wà nínú ilé, tó ń wo ilẹ̀kùn, ta ló ń lọ bá a?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn bàbá kan fún yín. Jínádù ni wọ́n ń pè é. Ìlú tó ń gbé, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ará ibẹ̀ ń gbọ́ wáàsí mi lórí fóònù, wọ́n á ní mo tú àṣírí àwọn.

Télọ̀ ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ojú kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Kì í ṣe olè. Kì í mutí. Ìrun márààrún, kò jẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ahun ni. Àmọ́ kì í ṣe owó ló fi ń ṣahun o, ẹnu ni. Bí ẹ bá sálámà sí i, yóò kàn mi orí, ó parí. Àfi bí ẹni pé kóńgò ni wọ́n fi ń wọn èsì sálámà fún un, tó sì ń bẹ̀rù kó má tán.

Ó wá ní awọ àgùntàn kan tó máa ń jókòó lé ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ní sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá. Ibẹ̀ ni ìbínú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fajú ro, ṣebí mọ́ṣáláṣí ni ọ̀pọ̀ ìjà wa ti ń bẹ̀rẹ̀! Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, ó dé, ó bá àlejò lórí awọ náà. Ó ní kí àlejò dìde. Àwọn àgbà ní, "Jínádù, ilé Ọlọ́run nìyí, ìwọ kọ́ lo kọ́ ọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba ilé lọ. Kò padà wá mọ́.

Ẹ wá wò ó: awọ wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó ni awọ wà nílé. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan awọ náà mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì lọ kan ilẹ̀kùn bàbá. Àwọn àgbà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, inú rẹ̀ á rọ̀." Òun náà ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mi, ó mọ ilé." Wọ́n ń retí rẹ̀, òun náà ń retí wọn. Koríko nìkan ni kò retí ẹnì kankan. Ó hù yí ilé náà ká, ó ga dé ojú fèrèsé.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ wà lókèèrè, ọjọ́ Iléyá ni wọ́n máa ń pè. Ó wá dé ibi tó jẹ́ pé rédíò ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Bí oníròyìn bá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa," Bàbá Jínádù á gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, á dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹni tí kì í dá sálámà èèyàn lóhùn ló ń bèèrè ará ilé lọ́wọ́ rédíò!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti kírun tán, oòrùn ti yọ, ló bá gbọ́ ṣá! ṣá! ṣá! lẹ́yìn fèrèsé. Ó yọjú. Ó rí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣán koríko rẹ̀ lọ ràì. Ẹlòmíràn ń kó o jọ, àwọn obìnrin ń gbálẹ̀. Bàbá fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ onílẹ̀ ti dé! Wọ́n ti ta ilẹ̀ mi!" Ó mú ọ̀pá, ó jáde.

"Ta ló rán yín níṣẹ́ nínú àgbàlá yìí?"

Olórí wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Mùdáṣírù, ju àdá sílẹ̀ wéré, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, bàbá. Ọlọ́run á forí jìn wọ́n."

"Á forí jin ta ni?"

"Bàbá onílé yìí. Bàbá Jínádù."

Ọ̀kan tó ń jẹ́ Wàkílù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ìgúnpá gún Mùdáṣírù. "Fi bàbá sílẹ̀ jàre, ọ̀fọ̀ ti dà wọ́n láàmú. Bàbá, ṣé àbúrò olóògbé ni yín? Ẹ jọra wọn gan-an o."

"Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá o. Àmọ́ ẹ jọra."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kó má di pé ẹ ń bi ara yín léèrè. Nílùú yẹn, bí àgbàlagbà kan bá kú, wọn kì í jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tún ilé ṣe fún ìsìnkú, torí wọ́n ní ọ̀fọ̀ ti ṣẹ àwọn náà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mìíràn ló ń wá, wọn kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú ilé. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àgbà kan ti lọ? Wọ́n á ká awọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Ládàánì tó ń pe ìrun ló wá rí i pé kòkòrò ti ń jẹ awọ Bàbá Jínádù. Ó gbé e lọ sílé kó lè sá a sóòrùn, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Àwọn èèyàn dé, wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ òpó ṣófo. Wọ́n ní, "Ìnnà lílláì! Jínádù ti lọ."

Ṣé ẹnì kan lọ wò ó? Kò sí. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gbà pé ó ti kú ju kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ.

Bàbá la ẹnu láti sọ pé, "Èmi nìyí, mi ò kú." Àmọ́ ó wo àgbàlá. Ọ̀kan ń kọrin lápá ibí, ọ̀kan ń bú ọ̀kan lápá ọ̀hún pé ọ̀lẹ ni. Obìnrin kan ń béèrè ìgbálẹ̀. Ó ti pẹ́ tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé yẹn kẹ́yìn. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè sọ ọ́, wọ́n á kó àdá wọn, wọ́n á lọ. Ló bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ ni mí."

Àsítàgfúrúlà! Irọ́ ni. Mi ò ní bá a gbè sí i. Àmọ́ ẹ má tíì dájọ́.

Bàbá wá ń sá sókè sá sódò. Ó pọn omi fún wọn. Ó tọ́ka sí ibi tí wọn kò tíì dé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yìn ilé ṣì wà o. Ẹ má kánjú." Kò fẹ́ kí iṣẹ́ tán. Wàkílù ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yín yìí, bí èèyàn bá kí wọn, orí ni wọ́n máa ń mì bí aláǹgbá." Mùdáṣírù pariwo mọ́ ọn pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Bàbá Jínádù ńkọ́? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Aláǹgbá! Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe!"

Mùdáṣírù wá sún mọ́ ọn pẹ̀lẹ́. "Bàbá, wọ́n á bi wá níbi sàréè pé irú èèyàn wo ni olóògbé, ká lè jẹ́rìí rere. A ò sì mọ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun rere kan tí wọ́n ṣe fún èèyàn."

Bàbá ní, "Ìyẹn kò le." Ó ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ó... ó máa ń kírun."

"Ti Ọlọ́run nìyẹn, bàbá. Èyí tí wọ́n ṣe fún èèyàn."

"Ó máa ń... ó máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa."

Wàkílù ní, "Ha! Bàbá, a ò lè sọ ìyẹn níbi sàréè o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó sì ń wá nǹkan náà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, bí wọ́n bá bi yín báyìí, kí lẹ ó mú jáde? Ẹ má dá mi lóhùn. Ara yín ni kí ẹ dá lóhùn.

Ibi tó jókòó sí ni Áfáà Súbèrù, ẹni tó máa ń sin òkú nílùú náà, ti wọlé bá a, òun àti àwọn tó gbé ibùsùn irin tí wọ́n fi ń gbé òkú. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkú dà? Ṣé omi ìwẹ̀ ti wà?"

Ó rí bàbá. Ó dúró. Ìwé àdúrà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Jínádù?"

"Èmi ni, Áfáà."

Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ibùsùn irin dún gbàràgàdà sílẹ̀. Àwọn obìnrin fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wàkílù ẹlẹ́nu mímú ti wà lórí òkìtì koríko, ó ń ké pé, "Lá ìláhà ìlà Àllà! Mo bú u! Mo bú u lójú ara rẹ̀!"

Bàbá ní, "Sọ̀ kalẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Òkú kì í pọn omi fún èèyàn."

Nígbà tí àyà wọn balẹ̀, inú bí wọn. Wọ́n ń wá àdá wọn, wọ́n ń wá bàtà. Mùdáṣírù ní, "Bàbá, a fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ wá síbí o."

"Ẹ̀yìn ilé kò tíì tán," ni bàbá wí.

Áfáà ní, "Òkú la wá fún, Jínádù. Alihamdulilahi pé o wà láàyè."

Bàbá wò ó. "Torí pé mo wà láàyè lẹ ṣe ń lọ?"

Áfáà bẹ̀rẹ̀, ó he ìwé rẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "A ó máa wá kí ọ, ìnṣá Àllà." Ẹ mọ irú ìnṣá Àllà yẹn. Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́.

Wọ́n lọ. Bàbá gbé àga jáde sí ìdajì àgbàlá tó mọ́. Ó jókòó láti ìrun Àìlà títí di ìrun Àlásàrí. Koríko kò dí ojú ọ̀nà mọ́, ó ń rí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Àwọn náà ń rí i. Wọ́n ń kọjá. Rédíò ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́." Lọ́jọ́ náà, kò dá a lóhùn.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n wá lọ́jọ́ kejì? Wọn kò wá.

Ilé kan dojú kọ ilé bàbá. Opó kan ló ń gbébẹ̀, Ìyá Múnírátù. Ilẹ̀kùn ń wo ilẹ̀kùn, àmọ́ kò sí ẹni tó rántí ìgbà tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, ìyá gbọ́ ìró ọkọ́ lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ó jáde tòun ti ìborùn. Ó bá Bàbá Jínádù tó tẹ̀ síbẹ̀, tó ń ro ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìyá gbé ọwọ́ lé àyà. "Yéè! Bàbá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí lẹ wá ń ṣe nílé mi?"

Bàbá nàró. Ó nu òógùn. "Àsàlámù àlékùm, Ìyá Múnírátù. Mo wá kí yín ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́."

Ìyá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá kò lọ. Ó tún tẹ̀, ó ń ro ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá gbé àpótí méjì jáde, ó gbé ọ̀kan síwájú bàbá, ó jókòó sórí èkejì. Ó ní, "Àlékùm sàlámù. Ẹ ro ti ẹ̀gbẹ́ kànga náà kí ẹ tó jókòó."

Ẹ̀yin ará mi, ta ló jẹ̀bi? Bàbá jẹ̀bi, ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣahun títí kò fi rí ohun tí wọn ó fi jẹ́rìí rẹ̀. Àwọn ará ìlú jẹ̀bi, wọ́n ní àdá fún òkú, wọn kò ní ẹsẹ̀ fún alààyè. Ẹ má dúró kí ẹnì kejì kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá kúrò níbí, ẹ ya ilé kan. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló kú, ẹ ní kò sẹ́ni tó kú.

Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ni, ṣí ilẹ̀kùn ilé wa fún ara wa. Ẹni tó dá wà níbí, tó ń tijú láti sọ ọ́, mú ẹsẹ̀ èèyàn rere lọ bá a. Ẹni tó ń ṣe agídí nínú wa, rọ̀ ọ́ lọ́kàn lónìí, má jẹ́ kó di ọjọ́ ìwẹ̀ òkú. Fi ọ̀nà Rẹ hàn wá, kí O sì jẹ́ ká rí ẹni tí a ó jọ máa rìn ín. Àmín. Ó yá, ẹ bọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́wọ́. Bàbá oníbàtà, ẹ̀yin náà.